Kẹ̀kẹ́ Ológeere Lójú Pópó Àbújá: Àǹfààní fún Ara, Ewu Lójú Ọ̀nà

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní òpin oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ ìrìnnà ti di ẹrù wúwo fún àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà. Lítà epo kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ di 617 náírà ní àwọn ilé epo kan ní Àbújá ní oṣù keje ọdún náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní 1,000 náírà. Lóòótọ́, wọ́n gbé owó oṣù tí ó kéré jù lọ láti 30,000 náírà sí 70,000 náírà ní ọdún 2024. Ṣùgbọ́n bí owó oṣù ṣe ju ìlọ́po méjì lọ díẹ̀, owó epo ti ju ìlọ́po márùn-ún lọ nígbà náà. Èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn tún máa ro ti kẹ̀kẹ́ ológeere, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, tí kò sì mu epo rárá.

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn lónìí ni èyí: ṣé ó yẹ kí ẹni tí ó ka ìlera rẹ̀ sí máa gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ní ìlú ńlá? Ìdáhùn wa ni pé kẹ̀kẹ́ dára fún ara, ṣùgbọ́n ọ̀nà wa kò tíì dára fún kẹ̀kẹ́. Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni a gbọ́dọ̀ sọ pọ̀. Ẹni tí ó bá sọ ọ̀kan fún yín, tí ó fi èkejì pamọ́, ìdajì òtítọ́ ni ó sọ.

Bí ìrìn òwúrọ̀ ṣe rí

Ẹ jẹ́ kí a fi Àbújá ṣe àpẹẹrẹ. Orí ìwé ni wọ́n ti kọ́kọ́ ya àwòrán ìlú yìí kí wọ́n tó kọ́ ọ, àwọn òpópónà rẹ̀ sì fẹ̀ gidigidi. Ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n là wọ́n fún. Ọ̀pọ̀ àwọn tí owó wọn kéré kò lè gba ilé ní àárín ìlú. Ìhà Nyanya, Lugbe àti Kubwa ni wọ́n ń gbé, àárín ìlú sì ni iṣẹ́ wọn wà. Láti ọdún 2006 ni ìjọba ti fi òfin de ọ̀kadà ní àárín ìlú. Nítorí náà, ọ̀nà mẹ́ta ni ó kù fún ọlọ́dẹ, fún ẹni tí ń tọ́jú òdòdó àti fún ẹni tí ń gbá ilé iṣẹ́: kí ó wọ ọkọ̀ akérò, kí ó fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́.

Ẹ wá fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ kan tí ó gun kẹ̀kẹ́ kúrò ní Lugbe ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí oòrùn tó mú. Ní àdúgbò rẹ̀, kòtò àti gọ́tà tí kò ní ìdérí ni ó ń yà fún. Nígbà tí ó bá dé orí òpópónà márosẹ̀, kò sí ojú ọ̀nà kankan tí a yà sọ́tọ̀ fún un. Etí títì ni ó ń gbà, níbi tí iyanrìn kóra jọ sí, tí táyà sì lè yọ̀. Etí títì yìí kan náà ni àwọn bọ́ọ̀sì ti ń dúró lójijì láti kó èrò. Bí bọ́ọ̀sì kan bá dúró níwájú rẹ̀, yálà kí ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ kí ó máa fa èéfín símú, tàbí kí ó yà sí àárín títì níbi tí àwọn ọkọ̀ ti ń sáré bọ̀ láti ẹ̀yìn.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bani jù lọ ni ibi tí ọkọ̀ ti ń yà kúrò lórí márosẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ń rìn, ọwọ́ ọ̀tún náà sì ni awakọ̀ ń yà sí. Bí ẹni yìí bá fẹ́ lọ tààrà, ó di dandan kí ó gba iwájú àwọn ọkọ̀ tí kò fẹ́ dẹ eré. Àwọn àgbà sọ pé adìẹ bà lé okùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ rí láàárín awakọ̀ àti oníkẹ̀kẹ́: ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn kò balẹ̀.

Nígbà tí ó bá dé ibi iṣẹ́, ó lè má rí ibi tí yóò ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí omi tí yóò fi ṣan òógùn kúrò lára. Ní ìrọ̀lẹ́, òkùnkùn a ti ṣú. Ní ìgbà òjò, omi a bo kòtò mọ́lẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, eruku a kún ojú àti imú.

Kí ni kẹ̀kẹ́ ń ṣe fún ara?

Pẹ̀lú gbogbo ìnira wọ̀nyí, ẹ má ṣe rò pé asán ni làálàá náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àwọn àgbàlagbà nímọ̀ràn ní ọdún 2020 pé kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe eré ìdárayá tí kò le jù. Ẹni tí ó bá fi 20 ìṣẹ́jú gun kẹ̀kẹ́ lọ, tí ó fi 20 ìṣẹ́jú gùn ún bọ̀, fún ọjọ́ márùn-ún, ti ní ìṣẹ́jú 200 láìsan kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Irú eré bẹ́ẹ̀ a máa ran ara lọ́wọ́ láti dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù, a sì máa ran ara lọ́wọ́ láti lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ dáadáa.

Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Glasgow tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn ènìyàn tí ó lé ní 263,000 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé ewu àìsàn ọkàn láàárín àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn tí ń wọ ọkọ̀ lọ. Ewu àrùn jẹjẹrẹ náà fi ìdá 45 kéré. Ìwádìí irú èyí kò lè fi hàn pé kẹ̀kẹ́ nìkan ni ó fa ìyàtọ̀ náà, nítorí pé àwọn tí ara wọn le tẹ́lẹ̀ lè pọ̀ nínú àwọn tí ń gun ún. Síbẹ̀, ó bá ohun tí àwọn oníṣègùn ti mọ̀ tipẹ́ nípa eré ìdárayá mu.

Èéfín àti eruku ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa bẹ̀rù pé èéfín ọkọ̀ yóò ba ẹ̀dọ̀fóró àwọn jẹ́. Ẹ̀rù náà kì í ṣe lásán. Òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ ní ọdún 2021 fún èérún kéékèèké inú afẹ́fẹ́, tí a ń pè ní PM2.5, kò ju máíkírógíráàmù 5 lọ nínú mítà kúbíìkì kan, bí a bá ṣírò rẹ̀ fún odidi ọdún. Ìròyìn Báǹkì Àgbáyé lórí ìlú Èkó ka 68. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan tí àwọn olùwádìí Cambridge tẹ̀ jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé, níbi tí afẹ́fẹ́ bá burú dé 100 pàápàá, àǹfààní kẹ̀kẹ́ ṣì ju ìpalára èéfín lọ títí di nǹkan bí wákàtí kan ààbọ̀ lójúmọ́. Fún ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn oníkẹ̀kẹ́, èéfín nìkan kò tó ìdí láti gbé kẹ̀kẹ́ tì. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ó ní ikọ́ fée yàtọ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ bá oníṣègùn wọn sọ̀rọ̀, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́.

Níbo wá ni ewu gan-an wà?

Eré àsápajúdé ọkọ̀ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ni ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ní gbogbo ayé ní ọdún 2021. Láàárín àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 5 sí 29, kò sí ohun mìíràn tí ń pa wọ́n tó o. Bí a bá fi iye àwọn ènìyàn ibẹ̀ wọ̀n ọ́n, ilẹ̀ Áfíríkà ni ikú yìí ti pọ̀ jù. Àjọ kan náà sọ pé bí ìwọ̀n eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tí ó lè mú ikú dání a fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí i.

Ìdí nìyí tí àwọn mínísítà tí ó péjọ sí Stockholm ní oṣù kejì ọdún 2020 fi fẹnu kò pé kí eré ọkọ̀ má ju kìlómítà 30 ní wákàtí lọ níbi tí ọkọ̀ àti ènìyàn bá ti ń pàdé léraléra. Ní Nàìjíríà, kìlómítà 50 ni òfin gbà láàyè ní àárín ìlú, kìlómítà 100 sì ni fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lórí márosẹ̀. Lórí márosẹ̀ yìí ni ẹni orí kẹ̀kẹ́ wà, láìsí ohun tí ó dá a sí méjì pẹ̀lú ọkọ̀.

Akoto tí a ń dé sórí wúlò púpọ̀. Àkójọ ìwádìí 40 tí ó jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ó ń fi nǹkan bí ìdá 69 nínú ọgọ́rùn-ún dín ewu ìfarapa ńlá ní orí kù. Ṣùgbọ́n akoto kì í dá ọkọ̀ dúró. Bí a bá sọ fún tálákà pé kí ó lọ ra akoto, tí a kò sì ṣe nǹkan kan sí ọ̀nà, ẹni tí ewu ń bá ni a di ẹ̀bi rù.

Ẹ̀kọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò wa

Ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ẹ ó rí ọkùnrin àti obìnrin lórí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìdíje kẹ̀kẹ́ Tour du Faso ti ń wáyé níbẹ̀ láti ọdún 1987. Ní ẹ̀gbẹ́ àwọn òpópónà ńlá kan, wọ́n la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún àwọn ẹlẹ́sẹ̀ méjì. Tamale ní àríwá Gánà náà ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlú méjèèjì kò lówó ju Àbújá lọ. Nítorí náà, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ìlú ọlọ́rọ̀ nìkan ni ó lè la ọ̀nà fún kẹ̀kẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kejì wà níbẹ̀. Alùpùpù ti gba púpọ̀ nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí, àwọn òǹtajà sì ti pàtẹ sí apá kan. Ọ̀nà lílà nìkan kò tó. A ní láti máa ṣọ́ ọ, kí a sì wá àyè mìíràn fún òǹtajà.

Ohun tí ó yẹ kí ìjọba ṣe

Kí wọ́n má ṣe tún márosẹ̀ kankan ṣe láìfi ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ sí i. Kí wọ́n fi pèpéle kékeré pààlà sí i, nítorí pé ọ̀dà funfun kì í dí ọkọ̀ lọ́nà. Kí wọ́n dín eré ọkọ̀ kù ní àárín ìlú, kí wọ́n sì ṣe ibi ìdúró bọ́ọ̀sì kúrò ní etí títì.

Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe

1. Ẹ yẹra fún márosẹ̀ bí ọ̀nà àdúgbò bá wà, kódà bí ó tilẹ̀ jìnnà díẹ̀.

2. Ẹ máa wo bíréèkì, táyà àti ṣéènì kí ẹ tó jáde. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ká ìró àti yẹ̀rì gígùn kúrò ní ẹ̀bá ṣéènì.

3. Ẹ dé akoto, kí ẹ sì so okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n. Ní òkùnkùn, ẹ tan iná síwájú àti sẹ́yìn, kí ẹ sì wọ aṣọ tí ó mọ́lẹ̀.

4. Ẹ gba ibi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ń kọjú sí; ẹ má ṣe gba òdì ọ̀nà. Ẹ má ṣe dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ ńlá tí ó fẹ́ yà, nítorí pé awakọ̀ kò lè rí yín.

5. Ẹ gbé omi mímu dání, pàápàá ní oṣù kẹta àti ìkẹrin tí ooru mú jù.

6. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú tí ó fi orí gbálẹ̀, ẹ má ṣe gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ má sì fa ọrùn rẹ̀. Ẹ pe 112, tàbí 122 ti Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó. Bí ó bá dìde lọ sílé, ṣùgbọ́n tí ó ń bì, tí orí ń fọ́ ọ sí i, tí oorun ń kùn ún tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, ìbáà jẹ́ ọjọ́ kejì.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹni tí ó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ ń tọ́jú ọkàn rẹ̀, kò sì da èéfín sí afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí. Ẹ̀yin awakọ̀ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bí ẹ bá rí i níwájú yín lọ́la, ẹ dẹ eré, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún un. Òun náà ní àwọn tí ń retí rẹ̀ nílé.