Kí Abẹ́rẹ́ Èjìká Tó Tán Lára

Ìgbà ara là á búra, a kì í bú Ṣàngó lẹ́ẹ̀rùn. Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ ìrora tí í máa ń tẹ̀lé iṣẹ́ abẹ èjìká mu. Kì í ṣe àìsí oògùn nìkan ní í mú aláìsàn ké lóru. Oògùn tí kò dé ní àkókò rẹ̀ a máa fa irú ẹkún bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú.

Bí alùpùpù bá gbé ọmọ Yorùbá kan tí ó fi Hanwa ní Zaria ṣe ibùgbé ṣubú, tí eegun èjìká rẹ̀ sì ṣẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ahmadu Bello wà nítòsí ní Shika. Bí iṣẹ́ abẹ bá di dandan, ó yẹ kí ẹbí mọ̀ pé, yàtọ̀ sí kíkùn lóorun, abẹ́rẹ́ kan wà tí àwọn dókítà lè gún ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ní 1970 ni Alon Winnie, dókítà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gún un. Oògùn inú rẹ̀ a máa dí ọ̀nà tí ìrora ń gbà láti èjìká dé ọpọlọ, apá a sì kú tipiri.

Ṣùgbọ́n àlejò ni abẹ́rẹ́ yìí, kì í ṣe onílé. Bí ó bá jẹ́ oògùn tí wọ́n ń pè ní bupivacaine, agbára rẹ̀ sábà máa ń tó wákàtí 8 sí 18. Ẹni tí wọ́n gún ní agogo 9 òwúrọ̀ lè máa rẹ́rìn-ín ní ìrọ̀lẹ́, kí ìrora sì jí i ní agogo 3 òru. Nígbà náà ni ẹbí yóò ní iṣẹ́ abẹ ti bàjẹ́. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ fẹ́ tú báńdéèjì kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ atún-eegun-tò. Bẹ́ẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà, abẹ́rẹ́ ni ó tán.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí aláìsàn ti lo oògùn ìrora tí dókítà kọ fún un nígbà tí apá ṣì kú, kí ó sì máa lò ó déédéé, bí wọ́n tilẹ̀ ní láti jí i lóru. Kí wọ́n fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn, kí ó má sì sún mọ́ iná, nítorí kò ní mọ̀ bí ó bá ń jó. Bí oògùn kò bá ran ìrora náà, tàbí tí ìka tutù tí ó sì wú, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n padà sí.

Àkókò mìíràn tún wà tí ó ṣe pàtàkì. Kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́, ó tọ́ kí dókítà yẹ apá àti ìka wò, nítorí ìṣubú fúnra rẹ̀ lè ti ba iṣan jẹ́. Ẹni tí ó ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró gbọ́dọ̀ sọ ọ́ ní tirẹ̀, nítorí abẹ́rẹ́ náà lè dín mímí kù.

Ojúṣe ilé ìwòsàn ni láti kọ agogo tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún aláìsàn, kí wọ́n sì ṣàlàyé rẹ̀ ní èdè tí ó gbọ́. Ìyá àgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìkirè dé kò lè gbọ́ àlàyé Haúsá; kí ọmọ tí ó gbọ́ èdè náà bá a lọ. Kí ọmọ náà má sì kúrò níwájú dókítà láìbéèrè ohun méjì: agogo mélòó ni abẹ́rẹ́ yóò tán, oògùn wo ni ìyá yóò sì lò ṣáájú?