Ìwòran àti Ìgbọ́ran

Ojú àti etí ni ènìyàn ń gbé lọ sí òde orin. Ojú a máa tètè yó: bí ó bá ti rí olórin lórí ìtàgé, ó ti rí ohun tí ó wá wò. Etí kò rí bẹ́ẹ̀. Ó nílò sùúrù kí ó tó rí tirẹ̀ gbà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ojú nìkan lọ sí òde orin ti fi apá tí ó dára jù lọ nínú ohun tí ó sanwó fún sílẹ̀. Ìtàn àwọn Beatles, ẹgbẹ́ olórin rock tí ó ti ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde, fi òtítọ́ yìí hàn kedere.

Àwọn mẹ́rin tí òkìkí wọn kàn ká ayé nínú ẹgbẹ́ náà ni John Lennon, Paul McCartney, George Harrison àti Ringo Starr. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò ti inú ọlá bẹ̀rẹ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1962, wọ́n lọ ṣeré ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì ju ìgbà kan lọ, wọn a sì máa kọrin fún ọ̀pọ̀ wákàtí ní alaalẹ́. Ní Liverpool, inú yàrá abẹ́ ilẹ̀ kan tí a ń pè ní Cavern ni wọ́n ti ń ṣeré. Ibẹ̀ há, ó sì gbóná, ṣùgbọ́n olórin àti olùgbọ́ súnmọ́ ara wọn. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ wọn yanjú.

Nígbà tí òkìkí kàn tán, nǹkan yí padà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ ọdún 1965, wọ́n ṣeré ní pápá ìṣeré Shea ní ìlú New York. Àwọn tí ó wá wò wọ́n lé ní 55,000. Nǹkan bí ìdajì wákàtí ni eré náà gbà, igbe kò sì dáwọ́ dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn mìíràn ń sunkún, àwọn mìíràn dákú. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ayé ìgbà náà kò lè borí irú ariwo bẹ́ẹ̀. Àwọn olórin pàápàá kò gbọ́ ohùn ara wọn dáadáa. Ringo, tí í ṣe onílù wọn, sọ lẹ́yìn náà pé òun a máa wo bí ara àwọn ẹlẹgbẹ́ òun ti ń mì kí òun lè mọ ibi tí wọ́n dé nínú orin. Bí onílù bá di ẹni tí ń fi ojú wá orin kiri, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá àwàdà.

Àwọn kan yóò wí pé ayọ̀ ni ó fa igbe náà, pé òde orin kì í ṣe ilé ọ̀fọ̀, àti pé kò yẹ kí a di ọ̀dọ́ lẹ́nu nígbà tí inú rẹ̀ ń dùn. Òtítọ́ wà níbẹ̀. Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn ọmọ náà, nítorí àwọn àgbà ni ó kó ẹgbàágbèje ènìyàn jọ sí pápá tí ẹ̀rọ kò lè tó. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà a máa wí pé bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bákan náà ni ó yẹ kí ẹni tí ń yọ̀ máa gbọ́ràn. Ìgbà wà fún igbe, bí orin bá parí. Ìgbà sì wà fún etí.

Àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1966, wọ́n gbé àwo orin kan jáde tí a ń pè ní Revolver. Ní oṣù yẹn kan náà ni wọ́n rin ìrìn àjò eré wọn ìkẹyìn ní Amẹ́ríkà, wọn kò sì kọ ẹyọ orin kan láti inú àwo náà. Ní ọjọ́ 29, ní pápá Candlestick ní San Francisco, wọ́n ṣe eré tí wọ́n fi dágbére fún irú ìrìn àjò bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ ni wọ́n kó ọgbọ́n wọn sí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó tún sanwó wọlé láti rí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí wọ́n jọ ṣeré.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kìíní ọdún 1969, wọ́n gun orí òrùlé ilé kan ní ìlú London, wọ́n sì ṣeré níbẹ̀. Àwọn tí ń kọjá ní òpópónà gbé ojú sókè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò rí olórin kankan, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ orin. Ìyẹn ni eré tí ẹgbẹ́ náà ṣe kẹ́yìn ní gbangba. Wọ́n pa Lennon ní ọdún 1980, Harrison sì kú ní ọdún 2001. Ohun tí ó bọ́ kò tún ṣe é padà.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ tí ó bá ń lọ wo olórin tí ó fẹ́ràn má ṣe gbàgbé etí rẹ̀. Olórin tí a kò gbọ́, bí a tilẹ̀ rí i, a kò tíì mọ̀ ọ́n.