Ẹ Má Na Ọmọ Tí Ó Tọ Ẹ̀jẹ̀



Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì mi níhìn-ín ní Ilé-Ifẹ̀ wá sí ilé-ìwé pẹ̀lú ojú pàṣán lẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ó ní àtọ̀sí ni, ó ní ọmọ ọdún 11 ti ń tẹ̀lé obìnrin. Ọmọ kò mọ obìnrin; odò ni ó mọ̀.

Àtọ̀sí ajá ni àìsàn náà, ó yàtọ̀ sí èyí tí à ń kó nípa ìbálòpọ̀. Aràn wẹ́wẹ́ kan ni ó ń fà á. Ìgbín kéékèèké inú omi ni ó ń gbé e, awọ ara ni ó sì ń gbà wọlé bí ọmọ bá ń lúwẹ̀ẹ́ tàbí bí ìyá bá ń fọṣọ lódò. Ní Ọ̀ṣun wa yìí, àwọn onímọ̀ ti rí i lára àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìlíè, lẹ́bàá dáàmù Erinlẹ̀.

Kí ẹ̀jẹ̀ tó hàn, ẹyin aràn lè ti wà nínú ìtọ̀, ṣùgbọ́n ojú lásán kò lè rí i: bíi 7 ni a lè tò sínú mìlímítà kan. Awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ni wọ́n fi ń wò ó, iṣẹ́ náà sì ń fẹ́ àkókò àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Abúlé mélòó ni ó ní irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ Delft ní Netherlands àti ti Yunifásítì Èkó fi ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tí ń jẹ́ Schistoscope. A ó sẹ́ ìtọ̀ díẹ̀, kámẹ́rà inú ẹ̀rọ yóò ya àwòrán ohun tí ó kù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ yóò sì ka ẹyin ibẹ̀. Wọ́n ti dán an wò ní àwọn abúlé agbègbè Àbújá.

Bí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ yín, awò àtijọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ọmọ tọ̀ ọ́ láàárín aago 10 òwúrọ̀ sí aago 2 ọ̀sán, nítorí ìgbà náà ni ẹyin ń jáde jù. Oògùn praziquantel ń pa aràn náà. Bí a bá jẹ́ kí ó pẹ́, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè di jẹjẹrẹ nínú àpò ìtọ̀.

Mo bá bàbá ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n rí ẹyin, wọ́n fún ọmọ lóògùn, bàbá sì dorí kodò. Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa bi ọmọ léèrè jẹ́jẹ́. Ọmọ tí a nà kò ní sọ mọ́, aràn kò sì bẹ̀rù pàṣán.