Àgbo Fún Ẹni Tí Iyè Rẹ̀ Ń Ra

Bí Màmá bá bi ọmọ rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó jẹun tán, tó tún ń fi orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ-ọmọ, ìpè méjì ló sábà máa ń jáde nílé Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọ̀kan á lọ sọ́dọ̀ dókítà. Èkejì á lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú, kò sì ní pẹ́ tí ìgò àgbo á fi bá ẹni tó ń bọ̀ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Ìpè kejì yìí kì í ṣe ìwà òpè. Oògùn ìsọ̀yè ti pẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Pierre Verger kó oríṣiríṣi rẹ̀ sínú ìwé Ewé tó jáde ní 1995. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń kọ́ nǹkan ni wọ́n ń ṣe é fún jù: ọmọ awo tó ń há ẹsẹ Ifá sórí, akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀. Ti arúgbó tó ń ṣarán yàtọ̀. Nínú àrùn Alzheimer tó ń fa arán, àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀.

Síbẹ̀, ewé kì í ṣe asán. Kẹ́míkà kan wà nínú ọpọlọ tí iyè fi ń ṣiṣẹ́, ẹ́ńsáìmù kan sì wà tó ń ba kẹ́míkà náà jẹ́. Ní 2010, àwọn onímọ̀ láti Ìbàdàn àti Ilé-Ifẹ̀ gbé e jáde pé oje ewé ìyeyè, ìyeyè tí àwọn ará ilé ń já fún ewúrẹ́ yìí náà, dí ẹ́ńsáìmù ọ̀hún lọ́wọ́. Inú ìgò àyẹ̀wò ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe nínú ara ènìyàn.

Ọ̀nà kan náà ni rivastigmine ń gbà, oògùn Alzheimer tí wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aláìsàn bí ẹni lẹ pílásítà, tí wọ́n sì ń pààrọ̀ lójoojúmọ́. Kálàbá ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Efik ibẹ̀ ní ẹ̀wà kan tí wọ́n ń pè ní esere, tí wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn jẹ láyé àtijọ́: tó bá bì í, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, tó bá kú, ó jẹ̀bi. Ní 1864, àwọn ará Jámánì méjì yọ kẹ́míkà tó ń jẹ́ physostigmine jáde lára rẹ̀. Ní 1935, Percy Julian, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ṣe é láìlo ẹ̀wà rárá. Ara rẹ̀ ni rivastigmine ti wá, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2000. Ó sì dunni pé títí dòní, àwọn ìyá arúgbó tí iyè wọn ń ra ṣì ń jẹ orúkọ àjẹ́ ní àdúgbò wọn nílé.

Ìwọ̀n ló sọ májèlé di oògùn. Ìwọ̀n yìí gan-an ni kò sí lára ìgò àgbo. Ewé mélòó? Omi ni wọ́n fi sè é ni, àbí ọtí ni wọ́n fi rẹ ẹ́? Bí ẹni tó ń lo rivastigmine tàbí donepezil tó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá tún mu ohun tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà, èébì àti ìgbẹ́ gbuuru lè mú un, ọkàn rẹ̀ lè máa lù lọ́ra jù, ó sì lè dákú. Dókítà tí wọn ò sọ fún kò ní mọ ibi tó ti wá.

Ewé ti òkèèrè náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n fi ewé kan tó ń jẹ́ ginkgo dán àgbàlagbà 3,069 wò ní Amẹ́ríkà. Èsì tó jáde ní 2008 ni pé kò dènà àrùn Alzheimer.

Nǹkan kan wà nílé tó yẹ kí ayé kọ́. Ní 1992 ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn àgbà àdúgbò Ìdíkàn n'Ìbàdàn wé àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Ní 2001, wọ́n ní àwọn tí arán ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn lọ́dún jẹ́ 1.35 nínú ọgọ́rùn-ún n'Ìbàdàn, 3.24 ní Indianapolis. Kì í ṣe àgbo ni wọ́n tọ́ka sí o. Oúnjẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ Màmá wò kí ìgò tó dé. Àìtó fítámì B12, àìsàn tairọ́ọ̀dù, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, kódà àrùn ilé ìtọ̀, ló lè da iyè arúgbó rú, gbogbo wọn ló sì ní ìtọ́jú. Bí ìgò bá sì ti dé ná, ẹ gbé e dání lọ bá dókítà, kí ẹ dárúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀ fún un.