Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Jẹun Kí Ó Tó Lọ Sáré

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ní oṣù yìí kan àwọn ọmọ wa tí ń wá iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì kan ẹ̀yin òbí tí ẹ ń bá wọn gbàdúrà.

Nígbàkígbà tí ìkéde bá ti jáde pé wọ́n fẹ́ gba kọ́ńsítébù, ìwé ẹ̀bẹ̀ àdúrà a máa kún àpótí ìjọ. Ìyá á mú fọ́tò ọmọ wá, bàbá á mú nọ́ńbà fọ́ọ̀mù wá, ọmọ fúnra rẹ̀ á gbé bàtà tí yóò fi sáré wá kí a fi òróró kàn án. A kì í lé ọ̀kankan nínú wọn padà. Ọmọ tó ti gba ìwé ẹ̀rí tán tó wá jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹrù ni lórí òbí, ẹrù sì ni lórí ìjọ pẹ̀lú.

Ohun tó ń kọ wá lóminú ni bí àwọn ọmọ náà ṣe ń lo ọjọ́ mẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò ara. Ààwẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n ń gbà, wọn kì í fi omi kan ẹnu. Ní alẹ́ tí ilẹ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò yóò mọ́, ìsọ́ òru ni wọ́n ń lọ. Láti ibẹ̀ ni wọn yóò ti wọ mọ́tò lọ sí Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn, tàbí Ẹlẹ́wẹ́ran ní Abẹ́òkúta, tàbí orí ilẹ̀ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ mìíràn, pẹ̀lú ojú tí kò sùn àti ikùn tí kò ní nǹkan kan nínú. Bí wọ́n bá débẹ̀, èrò ti pọ̀. Wọn yóò tò sórí ìlà, oòrùn yóò mú, ó sì lè di ọ̀sán kí a tó pe orúkọ wọn. Ìgbà náà ni a óò wá ní kí wọ́n sáré. Bí òòyì bá wá kọ́ ọ̀kan nínú wọn tó sì ṣubú, ilé ni wọn óò ti máa wá ọ̀tá tó ṣe é. Ẹ̀yin ará, ebi ló ṣe é.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò máa bèèrè bóyá pásítọ̀ ti ń kọ̀wé lòdì sí ààwẹ̀ ni. Rárá o. A ń gba ààwẹ̀, a sì ń kọ́ni láti gbà á. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Bíbélì wa sí 1 Sámúẹ́lì 14, láti ẹsẹ 24. Ọjọ́ ogun ni ọjọ́ náà. Sọ́ọ̀lù ọba fi àwọn ọmọ ogun bú pé ẹni tó bá fẹnu kan oúnjẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ègún ni fún un. Ọ̀rọ̀ náà dún bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí létí. Wọ́n wọ inú igbó, oyin ń kán sílẹ̀ níwájú wọn, ẹnikẹ́ni kò lè tọ́ ọ wò nítorí ìbúra. Jónátánì nìkan, tí kò gbọ́ nígbà tí bàbá rẹ̀ ń sọ ọ́, ló ti orí ọ̀pá rẹ̀ bọ inú afárá oyin, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ sì là. Nígbà tí wọ́n sọ fún un ohun tí ọba sọ, ó ní bàbá òun ti yọ ilẹ̀ náà lẹ́nu, pé bí àwọn ènìyàn bá ti jẹun ni, ìṣẹ́gun ọjọ́ náà ì bá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí ní ẹsẹ 32. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ebi ti pa wọ́n débi pé wọ́n rọ́ lu ẹran, wọ́n sì jẹ ẹ́ tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀, èyí tí Òfin kọ̀. Ààwẹ̀ tí a kò gbà ní àkókò rẹ̀ dín ìṣẹ́gun kù, ó tún mú àwọn ènìyàn ṣẹ̀. Àwọn baba wa náà sì mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Ẹ wo Èlíjà pẹ̀lú, nínú 1 Àwọn Ọba 19. Nígbà tí ó rẹ̀ ẹ́ tó sùn sábẹ́ igi, áńgẹ́lì kò kọ́kọ́ wàásù fún un. Àkàrà àti omi ló gbé kalẹ̀, ó jí i kó jẹun. Ó tún jẹ́ kó sùn, ó tún jí i lẹ́ẹ̀kejì kó tún jẹ sí i, nítorí ọ̀nà tó fẹ́ rìn jìn. Ogójì ọjọ́ tó rìn láìjẹun, lẹ́yìn oúnjẹ ni, ọwọ́ Ọlọ́run sì ni agbára rẹ̀ ti wá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí rẹ̀ rán ọmọ ẹlòmíràn lọ sáré láìjẹun.

Bí Ọlọ́run ṣe dá ara yìí, ó ní ibi tí ó ń kó agbára pamọ́ sí. Inú ẹ̀dọ̀ àti inú ẹran ara ni, láti inú oúnjẹ tí a jẹ. Bí ènìyàn bá fi ọjọ́ kan gbáko gbààwẹ̀, èyí tó wà nínú ẹ̀dọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ní ti omi, ọ̀rọ̀ rẹ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òógùn ni ara fi ń tu ara rẹ̀ lára nínú oòrùn. Ẹni tí kò mu omi, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ á dín kù, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkì láti fi ìwọ̀nba tó kù ṣiṣẹ́, òógùn á dín, ara á wá máa gbóná láti inú wá. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún sáré, ó lè ṣubú, ó sì lè kú. Àdúrà kì í sọ omi di ohun tí ara kò nílò mọ́.

Ẹ má ṣe rò pé a fẹ́ dẹ́rù bà yín ni. Ní oṣù Keje ọdún 2008, àwọn ọ̀dọ́ kú níbi àyẹ̀wò ìgbanisíṣẹ́ tí iléeṣẹ́ Ímígréṣọ̀n àti ti ọgbà ẹ̀wọ̀n ṣe, ìròyìn sì sọ pé àárẹ̀ eré sísá wà nínú ohun tó pa àwọn kan. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹta ọdún 2014, nígbà tí Ímígréṣọ̀n tún pe àwọn tí ń wáṣẹ́ jọ sí pápá ìṣeré káàkiri orílẹ̀-èdè, èrò tẹ àwọn ènìyàn pa ní Abuja, ní Port Harcourt, ní Minna àti ní Benin. Owó fọ́ọ̀mù wọn, ẹgbẹ̀rún náírà kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n san kí wọ́n tó lọ síbẹ̀. Ti ọdún 2014 kì í ṣe eré sísá ló pa wọ́n, ìtìràn ẹnu ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn, tí kò jẹ, tí kò mu, òun ni yóò kọ́kọ́ ṣubú bí èrò bá rọ́. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé bí wọ́n bá ń tì ní ẹnu géètì, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Iṣẹ́ kan kò tó ẹ̀mí.

Nígbà náà, báwo ni kí ọmọ múra? Kí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù méjì ṣáájú, kó má dúró de ìgbà tí a bá kéde ọjọ́. Ẹni tí kò sáré rí, kí ó lọ sí pápá iléèwé ní ìdájí nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì tutù. Kí ó rìn kíákíá fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ó rọra sáré fún ìṣẹ́jú kan, kí ó tún rìn, bẹ́ẹ̀ títí di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ti tó. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó máa dín ìrìn kù, kí ó sì máa fi kún eré. Ìwọ̀n eré tó dára ni èyí tí ènìyàn lè máa sá kí ó sì máa bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti sáré jù. Pápá tó bá pé ìwọ̀n, yíyí i ká lẹ́ẹ̀kan jẹ́ irinwó mítà. Ẹni tó bá lè yí i ká lẹ́ẹ̀mẹ́fà láìdúró kí oṣù méjì tó pé, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀.

Ní ti púṣọ́ọ̀pù, a ti rí àwọn ọmọ tó ń ṣe àádọ́ta lọ́nà tí kò tọ̀nà, ìdí wọn nìkan ló ń lọ sókè sódò. Mẹ́wàá tó tọ́ sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹ̀yìn gún, kí àyà súnmọ́ ilẹ̀. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kí ó fi eékún kanlẹ̀ tàbí kí ó fi ọwọ́ ti ògiri títí agbára yóò fi dé. Kí ó sinmi ní ọjọ́ tí kò bá sáré. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, kí ó dín gbogbo rẹ̀ kù, nítorí ìgbà ìsinmi ni ara ń lágbára sí i. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin, ẹja àti èso ni kí ẹ fún un. Ẹ má jẹ́ kó fẹnu kan tírámádọ́lù, tàbí ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Àwọn wọ̀nyí a máa mú ọkàn sáré kọjá bó ṣe yẹ, ọmọ kò sì ní mọ̀ pé ó ti rẹ òun.

Ohun kan wà tí eré sísá kò lè yí padà. Nínú àwọn ìkéde ọdún àìpẹ́ yìí, wọ́n ń béèrè pé kí ọkùnrin ga tó mítà 1.67, kí obìnrin ga tó mítà 1.64, kí àyà ọkùnrin sì tó sẹ̀ǹtímítà 86 bó bá mí sínú. Jésù fúnra rẹ̀ ti béèrè ta ni yóò fi àníyàn gígùn sí i (Mátíù 6:27). Ẹ wọn ọmọ nílé kí ẹ tó ná owó mọ́tò. Ẹ má sì fún ẹnikẹ́ni lówó fọ́ọ̀mù, ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó ní òun mọ ọ̀gá kan ní Abuja ń wá owó oúnjẹ tirẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ìwé ọjọ́ orí tí a fi èké ṣe, a kò ní fẹ̀ ẹ́ lójú níbí. Ẹni tó ń lọ mú olè kò gbọdọ̀ gba ẹnu ọ̀nà olè wọlé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ọmọ yín ní. Nǹkan bí ẹnìkan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ló ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ara wọn le, wọ́n sì lè sáré bí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1987 ni àwọn oníṣègùn ti kọ ọ́ jáde, láti inú àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí ń gba ẹ̀kọ́, pé ikú òjijì níbi eré ìdárayá líle wọ́pọ̀ láàrin àwọn AS ju àwọn yòókù lọ. Oòrùn, àìmu omi àti fífi agídí sáré láìṣe ìmúra ló ń fa ewu náà. Ẹ wá ro ohun tí ààwẹ̀ gbígbẹ yóò ṣe fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ní ti ẹni tó ní SS, tàbí tí ikọ́ fée ń dà láàmú, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kí ó rí dókítà kí ó tó sáré rárá. Lílọ sọ́dọ̀ dókítà kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Lúùkù tó kọ Ìhìn Rere, oníṣègùn ni (Kólósè 4:14).

Ọ̀rọ̀ kan fún àwọn ọmọbìnrin. Àwọn òbí kan ti wá bá wa pé wọ́n ní kí ọmọ àwọn wọ ṣòkòtò péńpé funfun lọ, pé ṣé kí àwọn má kúkú jẹ́ kó lọ mọ́. Ìdáhùn wa ni pé kí ó lọ. Kò sí ẹni tó lè fi búbá àti ìró sáré. Kí ó ra èyí tí kò fún mọ́ra, tó sì gùn dé eékún, kí ó wọ aṣọ tirẹ̀ sórí rẹ̀ títí di ìgbà tí a bá pè é.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ ààwẹ̀. Kí ọmọ gba tirẹ̀ kí ìmúra tó bẹ̀rẹ̀, tàbí ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù méjì náà, ní ọjọ́ ìsinmi, kí ó sì máa mu omi. Láti ọjọ́ mẹ́ta sí ọjọ́ àyẹ̀wò, kí ó máa jẹun dáadáa, kí ó sì máa mu omi títí ìtọ̀ rẹ̀ yóò fi mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, kí ó gbàdúrà ní ṣókí, kí ó sì ti sùn ní aago mẹ́sàn-án. Bí ó bá jí, kí ó jẹ búrẹ́dì pẹ̀lú tíì, tàbí ẹ̀kọ mímu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ní nǹkan bíi wákàtí méjì ṣáájú. Kí ó mú omi inú ọ̀rá mẹ́rin tàbí márùn-ún dání, pẹ̀lú fìlà tí yóò dé lórí ìlà. Bí àyà bá ń dùn ún tàbí bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú nígbà tó ń sáré, kí ó dúró, kí ó sì sọ fún ẹni tó wà nítòsí. Bí ó bá sáré dé òpin, kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kó má jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ààwẹ̀ ọjọ́ náà, àwa tí a kò ní sáré ni kí a gbà á. Ẹ̀yin ìyá àti bàbá, ẹ̀yin àgbààgbà ìjọ, ẹ gbààwẹ̀ náà títí ọmọ yóò fi délé, kí ẹ sì ti fi oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ dè é. Ẹ kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kí ẹgbẹ́ aládùúrà lè pín wákàtí ọjọ́ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́, láti aago mẹ́fà òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́.