Àtẹ̀jáde Ìpàdé Gbogbogbò Ẹgbẹ́ Aránṣọ: Kí A Mọ Ọ̀nà Ilé Ìwòsàn Kí Àìsàn Tó Dé

Àwa ọmọ ẹgbẹ́ aránṣọ, ọkùnrin àti obìnrin, pẹ̀lú aṣojú àwọn ọmọṣẹ́, pé jọ ní ìlú Èkó fún ìpàdé gbogbogbò wa. Ọ̀rọ̀ owó iná àti iye tí a ń gba iṣẹ́ ló yẹ kí a jíròrò, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan nínú wa ló gba gbogbo àkókò. Ìṣẹ̀lẹ̀ náà àti ohun tí a fẹnu kò lé lórí nìyí.

Obìnrin náà wà nídìí ẹ̀rọ nígbà tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kú. Àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sáré gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ilé ìwòsàn aládàáni àkọ́kọ́ tí wọ́n dé ní kí wọ́n sanwó kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Èkejì sọ bákan náà. Ilẹ̀ ti ń ṣú kí wọ́n tó rí ibi tó gbà á. Ó wà láàyè, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń gé aṣọ kò tíì bọ̀ sípò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní sóònù àdúgbò rẹ̀ ló ń bá a parí aṣọ àwọn oníbàárà, gbogbo owó iṣẹ́ náà ló sì ń lọ sọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó dùn wá jù ni pé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà ìjọba wà ní òpópónà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tí wọn ì bá ti rí i láti ọjọ́ pípẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Kò débẹ̀ mọ́ láti ìgbà tó ti bí àbígbẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí alága béèrè pé ta ló mọ hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó sún mọ́ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ọwọ́ díẹ̀ ló lọ sókè, ti àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ọkùnrin gbà pé ti aláboyún àti ọmọ ọwọ́ ni ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, kí a ṣàyẹ̀wò ibà, kí a sì tọ́jú ọwọ́ tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ síbẹ̀ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife; àyẹ̀wò náà àti oògùn oṣù mẹ́fà tó tẹ̀ lé e, ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀fẹ́ náà ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tó ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, sóònù kọ̀ọ̀kan yóò yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí yóò fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò wọn. Kí wọ́n kí àwọn nọ́ọ̀sì dáadáa, kí wọ́n sì béèrè: ìgbà wo lẹ ń ṣí? Ìgbà wo lẹ ń tì? Ta ló ń wà níbí lóru? Kí lẹ ń gbowó lé? Ilé ìwòsàn ńlá wo lẹ ń darí èèyàn sí? Kí wọ́n kọ ìdáhùn ní lẹ́tà gàdàgbà, kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù gbogbo. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé orí fóònù òun ló wà, nítorí ọmọṣẹ́ tó bá wà nítòsí lọ́jọ́ tí ọ̀gá ṣubú lè máà ní fóònù. Kí 112 àti 767 wà lókè pátápátá. Nọ́ńbà pàjáwìrì Èkó nìyẹn.

Òfin kan wà tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sọ pé ilé ìwòsàn kankan kò gbọdọ̀ kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́. Ẹni tó bá rú u yóò san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. A mọ̀ pé ilé ìwòsàn aládàáni ń ra dísù, ó sì ń san owó òṣìṣẹ́. Kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, lẹ́yìn náà kí a jókòó sọ̀rọ̀ owó. Akọ̀wé yóò kọ̀wé ẹ̀sùn lórí ilé ìwòsàn méjèèjì sí iléeṣẹ́ ètò ìlera ìpínlẹ̀.

Adójútòfò ìlera ti di dandan nínú òfin ìjọba àpapọ̀ láti ọdún 2022, Gómìnà Sanwó-Olú sì fọwọ́ sí àṣẹ tirẹ̀ fún Èkó ní oṣù Keje ọdún 2024. Ìlera Èkó ni orúkọ ètò ìpínlẹ̀ wa. Ó ní ti ẹnì kan, ó sì ní ti ìdílé. Owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ló ń wọ aránṣọ lọ́rùn. Nítorí náà a dá àjọ ìlera sílẹ̀, a ó máa dá a ní àsìkò Iléyá àti Kérésìmesì tí iṣẹ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ mú wa lọ́kàn púpọ̀. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jìnnà sí òbí. Bí ẹnikẹ́ni bá fipá bá ọmọṣẹ́ lò, ẹgbẹ́ kò ní jókòó pẹ̀tù sí i mọ́, bí ẹni náà tilẹ̀ jẹ́ ọ̀gá ńlá láàárín wa. Kí ọmọ náà má wẹ̀, kó má fọ aṣọ tó wọ̀. Kí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ mú un lọ sí Mirabel Centre ní ilé ìwòsàn LASUTH, Ìkẹjà, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí wọ́n fipá bá lò lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọdún 2013. Oògùn tó ń dènà kòkòrò HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, nítorí náà kò sí àyè fún ìpàdé ìdílé kankan ṣáájú.

Bákan náà, ẹni tó bá ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Yábàá, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Láti ọdún 1907 ni wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn níbẹ̀.

A bẹ àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ kí wọ́n kọ aago ìṣí àti ìtì sí ẹnu ọ̀nà gbogbo hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí wọ́n sì fi nọ́ọ̀sì síbẹ̀ lóru. Àwọn tí sóònù bá rán yóò jábọ̀ ní ìpàdé tó ń bọ̀, hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tí wọ́n bá sì bá ní títì lọ́jọ́ iṣẹ́ ni a ó mú orúkọ rẹ̀ lọ sí ìjọba ìbílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an.

Alága ẹgbẹ́
Akọ̀wé ẹgbẹ́