Ẹ Mú Ọmọ Náà Padà Lọ Sílé Ẹ̀kọ́

Ní ìparí sáà ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ohun kan máa ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn agbo ilé tó wà láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, láti ìsàlẹ̀ òkè Mápó dé Bẹyẹrúnkà, tí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí ètò ẹ̀kọ́ kì í fẹnu bà. Ọmọ á gbé káàdì èsì ìdánwò wálé. Ìyá tó ń ta ata tàbí bàbá tó ń wa ọkọ̀ kò mọ̀wé kà, ọmọ náà gan-an ni wọn yóò sì ní kó ka káàdì rẹ̀ sí wọn létí. Ẹni tí ẹjọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ ni a tún sọ di akọ̀wé kóòtù! Bí ó bá ṣe ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n, ìka kan tí ó fi bo mẹ́ta kan nínú mẹ́ta méjèèjì ti tó láti sọ ọ́ di ipò kẹta. Ìyá á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, á sì ra ẹran kún ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí olùkọ́ bá ránṣẹ́ pe òbí ni àṣírí á tú. Oríṣi òbí méjì ló sì máa ń jẹ́ ìpè náà. Àkọ́kọ́ ni èyí tí yóò kó àwọn ẹbí dání, tí yóò máa bi olùkọ́ pé ta ló rán an níṣẹ́, pé ọmọ òun kì í purọ́. Èkejì ni èyí tí yóò gbé pàṣán dé, tí yóò na ọmọ náà lójú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́, tí yóò sì padà sídìí ọjà rẹ̀ bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ tán. Àwọn ènìyàn máa ń bú ẹni àkọ́kọ́, wọ́n á sì yin ẹnì kejì. Ìyìn náà kò tọ́ sí i. Àwọn méjèèjì ló ti ilé ẹ̀kọ́ kúrò láìbéèrè lọ́wọ́ ọmọ pé kí ló bà á lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ka mẹ́ta kejì síta.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ìdáhùn ìbéèrè náà wà nílé. Ọmọ tó mọ̀ pé ẹgba kan náà ló ń dúró de òtítọ́ àti irọ́ yóò yan irọ́, torí pé irọ́ ṣì lè mú un bọ́ fún oṣù mẹ́ta.

Gbogbo Nàìjíríà rí irú rẹ̀ lọ́dún 2023. Ọmọbìnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Anambra gbé èsì ìdánwò JAMB jáde pé òun gba 362 nínú 400. Àjọ JAMB ní 249 ló gbà. Kíá ni ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yà, tí àwọn àgbàlagbà ń bú ara wọn, Yorùbá sí Ígbò, lórí ìwé èsì kan ṣoṣo. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà gbé kalẹ̀ wádìí, wọ́n sì rí i pé ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló yí èsì náà. JAMB fòfin dè é fún ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í ṣe: wọ́n ní kí ó tọrọ àforíjì, wọ́n sì tún ní kí wọ́n wá onímọ̀ tí yóò bá a sọ̀rọ̀, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. 249 kì í ṣe èsì ìtìjú. Ta ló wá jẹ́ kí ọmọ rò pé ó kéré?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹgba ló kù, pé ọmọ tí a kò nà ni yóò bàjẹ́. Bí ẹgba àti ìdẹ́rùbà bá lè wo àrùn yìí sàn, ìbá ti sàn tipẹ́. Lẹ́yìn tí ìbéèrè ìdánwò WAEC jáde sígboro lọ́dún 1977, tí ọ̀rọ̀ “ẹ́kísípò” sì di ti gbogbo ayé, ìjọba ológun ṣe òfin lọ́dún 1984 tó lè sọ ẹni tó bá jí ìdánwò wò sẹ́wọ̀n ọdún 21. Ogójì ọdún lẹ́yìn rẹ̀, lọ́dún 2024, JAMB kéde pé ọwọ́ tẹ bàbá kan tó jókòó ṣe ìdánwò dípò ọmọ rẹ̀. Ẹgba wo ni bàbá bẹ́ẹ̀ fẹ́ fi na ọmọ? Àwọn tó ń sanwó fún ibi tí wọ́n ti ń ka ìdáhùn sétí akẹ́kọ̀ọ́ náà ńkọ́?

Àìmọ̀wékà kì í sì í ṣe àwáwí. Lọ́dún 1853, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ àwọn òyìnbó ajíhìnrere ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kúdẹtì, olóyè Olúnlóyọ̀ fa ọmọ rẹ̀ méjì, Yéjídé àti Akínyẹlé, lé Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, lọ́wọ́. Ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ń jẹ́ Yéjídé n'Íbàdàn títí dòní. Láti ìgbà náà ni òbí tí kò kàwé ti ń rán ọmọ lọ síléèwé nílùú yìí. Ìyá tó lè ṣírò èrè àpò ata láìlo bírò lè ní kí aládùúgbò tó mọ̀wé bá òun ka káàdì náà, kò gbọdọ̀ jẹ́ ọmọ tó ni ín.

Bí irọ́ bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí òbí pe ọmọ náà sí yàrá, níbi tí àwọn ará agbo ilé kò ti ní gbọ́, kí ó sì fetí sí i tán kó tó bá a wí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ọ̀pọ̀ ilé ló rántí ọwọ́ òsì nìkan. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí àwọn méjèèjì jọ padà lọ bá olùkọ́. Kí òbí má bẹ̀bẹ̀ máàkì, kí ó má sì nawọ́ owó sí ẹnikẹ́ni. Bí olùkọ́ bá fún ọmọ ní òdo, kí wọ́n gba òdo náà wálé. Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kó ka mẹ́ta méjèèjì síta, kí ìyá rẹ̀ dúró níbẹ̀ gbọ́ ọ, kí ó sì wá bi olùkọ́ pé iṣẹ́ wo gan-an ni kò yé ọmọ òun.